Ohun Tí A Kì Í Sá Sóòrùn

Ẹni tó bá dàgbà ní Òdòdé, ní Ìdànrè, gbígbẹ nǹkan ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ilé máa kọ́ ọ. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí ẹní, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè rí oòrùn. Mo mọ̀ pé kòkó tó gbẹ dáadáa máa ń dún bí èèyàn bá fún ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan; èyí tí kò tíì gbẹ á dákẹ́. Àwọn tó ń ra kòkó ní Ìdànrè kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgúnpá, wọ́n á bu ti ìsàlẹ̀ wá sókè, wọ́n á fún un, wọ́n á tẹ́tí. Bí omi tó kù nínú rẹ̀ bá ti lé ní ìdá 8 nínú 100, kòkó yẹn máa bu nínú àpò kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa fi ṣe ṣokoléètì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú lórí àpáta, àtàgbà àtọmọdé ló máa sáré lọ kó kòkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gúsí, bẹ́ẹ̀ ni ata, bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo tí wọ́n so mọ́ àjà lókè ààrò. Ohun tó bá máa pẹ́ nílé, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Tábà ló kọ̀.

Tábà inú páìpù ni mò ń wí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì máa ń fa páìpù kan lálẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Àwa tó ń fà á kò pọ̀ mọ́ níbí. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá rí i lẹ́nu mi máa ń rò pé eré orí ìtàgé ni mò ń kọ́. Nígbà ayé àwọn ìyá ìyá wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà á jókòó síwájú ilé, á ki ewé tábà bọ ìkòkò amọ̀ rẹ̀, á fi ẹ̀yinná lé e lórí, á sì máa dá àlejò lóhùn láàrin èéfín. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń fi agolo tábà ránṣẹ́ sí mi. Lára ọ̀kan nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ pé kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù tó sì gbẹ. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wá bá mi wá irú ibẹ̀ ní Òdòdé! Lọ́dọ̀ wa, bí ibì kan bá tutù, omi ló mú un tutù. Bí ó bá gbẹ, oòrùn tàbí ọyẹ́ ló gbẹ ẹ́. Àfi ìdájí ọyẹ́ díẹ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni méjèèjì fi ń pàdé, kó sì tó di aago mọ́kànlá, wọ́n ti túká.

Bí wọ́n ṣe tẹ ìlú wa dó wà lára ohun tó fà á. Àárín àpáta ni Òdòdé wà. Lórí òkè ni àwọn baba wa ń gbé títí di nǹkan bí ọdún 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ìlú àtijọ́ yẹn náà ni UNESCO fi sára àwọn ibi tó ń retí ìdánimọ̀ àgbáyé lọ́dún 2007. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn náà, tó lé ní 600, tó wọ ààfin àtijọ́, á rí bí ògiri amọ̀ ibẹ̀ ṣe nípọn tó. Á wọlé láti inú oòrùn, ara rẹ̀ á sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nísàlẹ̀ yìí, búlọ́ọ̀kù àti páànù la fi kọ́ ti wa. Àpáta á mu oòrùn láti àárọ̀, tó bá di alẹ́, á máa dá a padà fún wa. Ẹ fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́yìnkùlé mi ní aago mẹ́jọ alẹ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó ṣì ń móoru.

Ewé tábà tí wọ́n gé fún páìpù máa ń ní omi tó tó ìdá 12 sí 16 nínú 100. Kòkó tó bá ní irú omi bẹ́ẹ̀ lára, wọ́n á dá a padà fún olóko. Bí tábà bá gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa jó wàràwàrà, á gbóná lẹ́nu, á sì máa ta ahọ́n. Bí ó bá rin jù, èèyàn á máa ṣáná sí i títí páálí ìṣáná á fi tán. Afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà láàrin 60 sí 65 nínú 100 ló bá a lára mu. Ní Òdòdé, nínú oṣù Agẹmọ, ọ̀rinrin máa ń lé ní 80; tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, lọ́sàn-án, ó lè já sí 40 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka èyí, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àmọ́ ìka mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Fi ìka méjì fún tábà díẹ̀. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, kó wá rọra tú. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ jù. Bó bá dúró ní ṣùṣù, ẹ ṣí i sílẹ̀ kó gba afẹ́fẹ́.

Ooru nìkan kọ́ ló ń ba tábà jẹ́ nílé wa. Lílọ-bíbọ̀ ooru ló burú jù. Ẹ gbé agolo kan tí ẹ ti lò dé ìdajì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀. Bí agolo bá gbóná, omi tó wà lára ewé á jáde sínú àyè tó ṣófo lókè. Tó bá di òru, ìdérí á kọ́kọ́ tutù ju ewé lọ, omi náà á sì sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á máa kán padà sí ojú kan. Ibi tó ń kán sí yẹn ló máa hu funfun. Ìyókù á gbẹ. Nínú agolo kan ṣoṣo, láàrin ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè rí tábà tó bu àti tábà tó gbẹ bíi kúlíkúlí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó da omi sí i, kò sẹ́ni tó sá a sóòrùn. Mo dẹ́kun wíwá ibi tó tutù. Ibi tí ọ̀sán àti òru kò ti fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ni mò ń wá.

Ibẹ̀ sì wà nínú ilé gbogbo wa. Ilẹ̀ ni, kì í ṣe òkè. Àárín ilé ni, kì í ṣe ara ògiri ìta. Yàrá tí kò pín ògiri pẹ̀lú ilé ìdáná, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí sìmẹ́ńtì. Ìgò onídérí tó ní rọ́bà nínú ni mo ń lò, ìgò kékeré púpọ̀ dípò ńlá kan, torí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ńlá, gbogbo tábà inú rẹ̀ ló máa jẹ nínú afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo máa ń kún un dé ọrùn kí àyè má bàa ṣófo. Ọ̀rá kò ṣeé gbọ́kàn lé, òórùn ń gbà á jáde. Ìgò tó ti gbé ata gígún rí kò dára, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ yìí kò ní ìgò kankan. Ó ń ta ewé tábà lọ́jà, pẹ̀lú kán-ún àti áṣáà, lórí pátákó kan tí kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Màmá ni mo ń pè é, Tíṣà ni òun ń pè mí. Ewé Òkè-Ògùn ni, láti ìhà Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí, níbi tí wọ́n ti ń gbin tábà tipẹ́. Àwọn òyìnbó tó dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1933 àti ní Ìbàdàn lọ́dún 1937 mọ̀ pé Òkè-Ògùn ni ewé wà. Mo bá Màmá lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, ó ń ki ọwọ́ bọ abọ́ omi, ó ń gbọ̀n ọ́n sára àpò kòkó kan tí ó ti fọ̀, ó wá fi àpò yẹn bo ewé.

“Màmá, ẹ ò kúkú wọ́n ọn sára ewé fúnra ẹ̀?”

“Tíṣà, ewé tí wọ́n bá fomi wọ́n, bó pẹ́ bó yá, á rà. Àpò ni mo fún lómi. Àpò á fún un ní èyí tó bá fẹ́.”

“Tí ẹ ò bá wá fún un rárá ńkọ́?”

“Ẹ fẹ́ kí n máa ta eérú?”

Ó gbé etí àpò náà sókè kí n rí i. Àwọn ewé tó wà lábẹ́ dúdú, wọ́n rọ̀, ó mú ọ̀kan ká mọ́ ìka rẹ̀ bí òrùka, kò fọ́. Èyí tó fi sílẹ̀ lójú pátákó kí oníbàárà lè rí ọjà ti ń dún ṣàṣàṣà. Lóṣù Agẹmọ, ó ní, òun kì í fọwọ́ kan omi. Òun máa ń tú ìdì ewé náà lọ́sàn-án kí atẹ́gùn gba àárín rẹ̀ kọjá, òun á sì dì í padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fa páìpù lókè òkun máa ń fi òkúta amọ̀ kékeré tí wọ́n rẹ sómi sínú ìgò tábà tó gbẹ. Àpò kòkó Màmá náà nìyẹn, owó rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ọgbọ́n pé kí ewé má gbẹ tán lójú ọ̀nà jíjìn ti wà tipẹ́ ní etíkun wa, ìtàn rẹ̀ kò sì dùn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti wá, nǹkan bí ọdún 1600 ló sì ń tàn kálẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi èyí ṣe òṣùwọ̀n: bí wọ́n bá ń walẹ̀, tí wọ́n bá kan àfọ́kù ìkòkò tábà, wọ́n mọ̀ pé ìpele ilẹ̀ yẹn kò dàgbà ju ìgbà náà lọ. Thurstan Shaw, tó dá ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀wé lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1960. Ẹni tó fẹ́ mọ bí tábà fúnra rẹ̀ ṣe rìn dé, kó wá ìwé Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo ní Kétu lọ́dún 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí. Lọ́dún 1968 ló tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí òwò láàrin Bàhíà àti etíkun wa.

Ìjọba Pọ́túgà máa ń kó ewé tó dára jù ní Bàhíà lọ sí Lisbon. Ìpele kẹta, ewé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣà tì, ni wọ́n gbà kí wọ́n máa kó wá sọ́dọ̀ wa. Kó má bàa bàjẹ́, wọ́n á fi omi ìrèké tí wọ́n sè títí ó fi dúdú tó sì ki pa á lára, ju bí wọ́n ṣe ń pa èyí tó dára lọ. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á ká a jọ ní òkìtì, wọ́n á fi awọ màlúù dì í. Ṣúgà máa ń di omi mú. Ooru ìdí ọkọ̀ kò rí ewé náà gbẹ. Ńṣe ni adùn tún wọ̀ ọ́ lára. Ìgbà tó fi dé Popo Ńlá, Wídà, Jakin àti Àpá lẹ́bàá Àgbádárìgì, ohun tí Lisbon kọ̀ ti di ohun tí àwọn ará etíkun kò lè fi òmíràn rọ́pò. Àwọn ará Hólàǹdì tó wà ní Elmina kò ní irú rẹ̀, ni wọ́n bá ń fi agbára gba ìdá 10 nínú 100 lára tábà ọkọ̀ Pọ́túgà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó tajà ní èbúté mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn.

Ọmọ ènìyàn ni wọ́n sì fi ń rà. N kì í lè ya ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ìtọ́jú yẹn kúrò lára ohun tí wọ́n lò ó fún. Bí tábà náà bá gbẹ lójú òkun ni, tó dé etíkun ní ìyẹ̀fun, ta ló mọ iye ìdílé tí ì bá tún jókòó pọ̀ jẹun lálẹ́? Mo máa ń rò ó nígbà míì tí mo bá ṣí ìgò tí òórùn ṣúgà sísè bá jáde. Mo ṣì máa ń fà á. Èmi náà kò rí àlàyé ṣe.

Kí n padà sí Òdòdé. Lẹ́yìn ọ̀rinrin, kòkòrò ló kù. Kòkòrò pupa rúsúrúsú kan wà tí gígùn rẹ̀ kò ju ìwọ̀n mìlímítà 2 sí 3 lọ, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ́ ni Lasioderma serricorne. Àwọn tó ń tọ́jú kòkó mọ̀ ọ́n, torí ó máa ń jẹ kòkó inú àpò. Ó máa ń jẹ ata gbígbẹ, ó máa ń jẹ atalẹ̀, ó sì máa ń jẹ tábà. Oró tó wà nínú ewé tábà burú débi pé àwọn àgbẹ̀ máa ń fi omi rẹ̀ pa kòkòrò lára ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n eléyìí ní ìwúkàrà kékeré kan tó ń gbé nínú ikùn rẹ̀, òun ló ń bá a pa oró náà. Wọ́n bá òkú irú rẹ̀ nínú ibojì Tutankhamun ní Íjíbítì, tó ti wà láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ tábà ní Áfíríkà. Ó ti ń dúró de tábà.

Ohun tó fẹ́ràn jù ni ooru tó tó digíìrì 30 àti ọ̀rinrin bíi 70. Ẹ ò rí i pé ojú ọjọ́ Òdòdé gan-an nìyẹn? Nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹyin á di kòkòrò tó ní ìyẹ́ láàrin bí oṣù kan. Níbi tí ooru kò ti tó 18, kì í lè dàgbà. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi ní Peckham kò fi mọ̀ ọ́n rárá. Òtútù gidi ló ń pa ẹyin rẹ̀: fìríìsà tó tutù dé digíìrì 18 sísàlẹ̀ òdo, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, láìdáwọ́ dúró. Láìdáwọ́ dúró yẹn ni wàhálà wà. Fìríìsà ilé mi máa ń di kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tó bá wù ú.

Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja yìnyín ni mo gbé ìgò tábà kan lọ, torí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ kì í sùn. Mo ti fi ọ̀rá di ìgò náà ní ìpele mẹ́ta.

“Bàbá, kí lẹ gbé wá yìí? Ó ń rùn bí ilé babaláwo.”

“Tábà ni, ìyá.”

“Ẹja máa gbóòórùn tábà, àbí tábà ló máa gbóòórùn ẹja?”

Ìbéèrè tó yẹ ni. Mo ní tábà mi ló wà nínú ewu. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ ti páálí títù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e sísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo lọ gbà á, yìnyín ti bo ìgò náà funfun. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wálé kó má ṣe ṣí i o. Afẹ́fẹ́ Òdòdé á bọ́ sára ewé tútù, á sì di omi síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan á wọmi. Ó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú ní dídé, kí ara rẹ̀ bá ti ilé dọ́gba.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ nípa ìkòkò Mohammed Bah Abba máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò lò ó. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà, ará Jìgáwá, ìdílé amọ̀kòkò ni wọ́n bí i sí. Ó fi ìkòkò amọ̀ kan sínú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sáàárín, ó fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ìta, ti inú á máa tutù. Ẹ̀bùn Rolex tó gbà lọ́dún 2000 tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Jìgáwá ni! Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, omi sì ń ráyè gbẹ. Nínú oṣù Agẹmọ lọ́dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ ti yó fún omi, kò lè mu òmíràn; ìkòkò náà á kàn jókòó, á máa làágùn. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń ṣiṣẹ́. Ìgbà ọyẹ́ sì ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Ohun tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kúlà òde ìnáwó, èyí tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì. Kò nílò yìnyín, kò nílò iná. Ògiri rẹ̀ nípọn, afẹ́fẹ́ ìta kì í tètè wọ̀ ọ́. Àwọn ìgò tó wà nínú rẹ̀ kì í mọ̀ pé ọ̀sán ti mú. Ìṣùpọ̀ ìgò fúnra rẹ̀ tún ń ran ara wọn lọ́wọ́, torí kúlà tó kún máa ń pẹ́ kó tó yí padà ju èyí tó ṣófo lọ.

Páìpù kò gbọ́dọ̀ bá wọn wọbẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò lè jọ sùn. Páìpù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tán kún fún omi dúdú. Ó fẹ́ gbẹ, bíi kòkó, ẹ̀kọ́ ilé baba mi wá wúlò. Igi tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó dára, Erica arborea ni, koko ìdí rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ní àwọn òkè etí òkun Mẹditaréníà. Koko yẹn ni igi náà fi ń tún hù lẹ́yìn tí iná bá jó o. Ní Saint-Claude ní ilẹ̀ Faransé, láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n ń sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Iná kì í bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n oòrùn tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ̀gbẹ́ kejì wà níbòji, máa ń là á. Afẹ́fẹ́ ló fẹ́, kò fẹ́ oòrùn.

Ibi tí a ń fi sẹ́nu ló tètè ń bàjẹ́ jù. Rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè títí ó fi le ni wọ́n fi ṣe ti ọ̀pọ̀ páìpù. Bí ìmọ́lẹ̀ àti ooru bá ń bá a, imí ọjọ́ náà á máa jáde sójú: dúdú rẹ̀ á di àwọ̀ ewé tó rẹ̀, adùn rẹ̀ á sì korò. Nítorí pé ooru ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ooru lè tú u. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àkúrẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò lóòrùn, ó lọ ṣe ìpàdé, ó dé, ó bá páìpù tó tẹ̀ rọ́bọ́tọ́ tẹ́lẹ̀ tó ń na gbọọrọ. Lóṣù Agẹmọ, ìṣòro páìpù máa ń yí padà: páìpù tó bá wà nínú dúrọ́ọ̀ á hu irun funfun nínú ikùn. Ògógóró lára òwú ni mo fi ń nu ún, màá sì gbé e ró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n má bu díẹ̀ sẹ́nu kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Mo máa ń ro àwọn ìkòkò tábà alámọ̀ àtijọ́ yẹn. Èṣù tí àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ sára ọ̀pá ijó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fi ìkòkò tábà sí i lẹ́nu, tàbí fèrè. Amọ̀ kì í tọ́ nínú mọ́tò, kì í bu. Ó kàn máa ń fọ́.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò fẹ́ gbọ́ gbogbo èyí. Ó ní ohun tó dára jù fún tábà ni ilẹ̀ gbígbẹ́, kí a wà á jìn. Lójú rẹ̀, òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí tábà lọ́dún 2015 kò le tó. Mi ò bá a jiyàn. Ó ti rí ẹ̀dọ̀fóró tí mi ò rí. Ibi tí èmi àtòun ti fẹnu kò ni kọ́kọ́rọ́: kúlà náà ní àgádágodo, torí àwọn ọmọ-ọmọ, oró inú ewé yẹn kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré.

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ mọ ohun tí ooru wa ń fi tábà ṣe nígbà tí omi àti kòkòrò kò bá sí níbẹ̀. Agolo méjì tó jáde lọ́jọ́ kan náà ni àbúrò mi rà. Ó fi ọ̀kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fi èkejì ránṣẹ́ sí mi ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú. Nígbà tó wálé fún Kérésìmesì, ó gbé tirẹ̀ dání, a ṣí méjèèjì sórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ooru bá fi digíìrì 10 ju ara wọn lọ, iṣẹ́ tó ń lọ nínú ewé lè yára tó ìlọ́po méjì. Mo ti mọ̀ ọ́n nínú ìwé, n kò tíì fimú mọ̀ ọ́n rí. Tirẹ̀ ṣì pọ́n, òórùn koríko tuntun wà lára rẹ̀. Tèmi ti dúdú, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti àgbálùmọ̀ tó pọ́n kọjá ọjọ́ títà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ti gbó.”

“Tìrẹ ni kò tíì jí.”

A fà á títí di òru, a kò sì fẹnu kò. Ó kó ìdajì tèmi lọ sí Peckham, ó fi ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ti kọ ọjọ́ sára ìgò rẹ̀, ó wà ní ìsàlẹ̀ kúlà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Ibẹ̀ ló wà kí ìyàwó mi tó sọ pé ìkómọ ń bọ̀ nílé ẹ̀gbọ́n òun lọ́jọ́ Sátidé, pé òun nílò kúlà òun. Mo bi í pé ta ni kúlà náà jẹ́ gan-an. Ó ní kí n wo abẹ́ rẹ̀, orúkọ òun ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó àkọ́bí wa. Mo wò ó. Òótọ́ ni. Mo sọ fún un pé ìrẹsì á gbóòórùn tábà, ó ní òun á fi omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, àti pé àwọn kan nínú àlejò yẹn ò ní mọ̀. Mo ti ń kó ìgò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀.